Ìdákẹ́ Alága Túbọ̀sún

Ilé kan wà ní Àgùdà ní Surulere, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé, tí ariwo inú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹ bá dúró ní Costain lọ́hùn-ún tí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nítorí omi ìfọṣọ. Mítà iná kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ibẹ̀ jọ ń lò, ibẹ̀ sì ni ogun ti ń wá. Bí iná bá tán lórí mítà, ẹni tó ní fáànù á ní ẹni tó ní fíríìjì ló jẹ ẹ́. Ẹni tó ní fíríìjì á ní ẹni tó ń lọ aṣọ ni. Ẹni tó ń lọ aṣọ á búra pé látìgbà tí ìyá òun ti bí òun, òun ò lọ aṣọ rí, pé ara òun ló gbóná tí aṣọ fi ń nà fúnra rẹ̀.

Kí Túbọ̀sún tó di alága àwọn ayálégbé, ó tó alága mẹ́ta tí ilé yẹn ti lé sá. Ọ̀kan kó lọ sí Ìkòròdú láìdágbére. Ọ̀kan di oníwàásù. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní títí dòní, bó bá fojú kan mítà báyìí, orí igi ló ń gbà lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé ipò náà fún Túbọ̀sún ni ilé tó rọ̀ wọ̀ọ̀.

Túbọ̀sún ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Mushin. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì lè lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo. Ohun tó ní tí àwọn yòókù kò ní ni ìdákẹ́.

Kì í ṣe irú ìdákẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ o. Bí ẹjọ́ bá gbóná, tí ẹni méjì ti ń fa ara wọn láṣọ, ojú Túbọ̀sún á kàn dúró gangan lójú kan. Ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa ṣa bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ pè é, kò ní jẹ́. Kí ọkọ̀ òfuurufú já lu òrùlé, kò ní yíjú. Á wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ilé á sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí yìnyín nínú oòrùn.

Bí Jẹ̀lílì onígbàjámọ̀, tó ń gbé nídìí àtẹ̀gùn, ṣe jẹ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ti bi í léèrè títí nípa iná mítà tó ń tètè tán, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Àfi ìgbà tí Alága dákẹ́ mọ́ ọn lórí. Òógùn bo Jẹ̀lílì. Ó bẹ́ sókè.

"Ó tó! Ó tó, Alága! Ẹ má wò mí báyẹn mọ́! Èmi ni! Mo ní họ́tù-pléètì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Iná nẹ́pà ni mo fi ń se ẹran, mo sì ti ń ṣe é látọdún tó kọjá!"

Lẹ́yìn náà ni Túbọ̀sún mí kanlẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Ẹ kó aṣọ wọlé."

Oòrùn ń ràn gan-an níta. Síbẹ̀, gbogbo wọn sáré lọ kó aṣọ wọlé. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ Alága jinlẹ̀.

Lydia ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nínú ilé yẹn pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé Alága ń ronú, Alága kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ti lọ. Ibi tó lọ, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Òórùn rọ́bà tó ń jóná á kọ́kọ́ lu imú rẹ̀, inú rẹ̀ á ru sókè bí ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ó parí nìyẹn. Nígbà tó bá fi padà dé, Jẹ̀lílì á ti jẹ́wọ́, àwọn ènìyàn á máa pàtẹ́wọ́, òun náà á sì gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó mọ ohun tó ṣe.

Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn. Níbi iṣẹ́, àwọn oníbàárà ń pè é ní "ìwọ alága onígi". Nílé, àgbà ọkùnrin ń bọ́ fìlà fún un. Ta ni yóò rí bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ ẹ?

Àfi ọ̀rọ̀ kẹ́tù. Lọ́jọ́ kan ní àárọ̀, ó ń da omi gbígbóná sínú ife láti po tíì, ni ìdákẹ́ dé. Ife kún, ó ń dà á. Orí tábìlì kún, ó ń dà á. Omi dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń dà á, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ń bu omi sídìí òdòdó. Lydia já kẹ́tù gbà. Ẹsẹ̀ náà wú bí búrẹ́dì. Nígbà tí Túbọ̀sún padà dé láti ibi tó lọ, igbe tó ké, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin kan dúró ní Èbúté Mẹ́ta, awakọ̀ rò pé wọ́n ń dá òun dúró ni.

Bí wọ́n ṣe padà sọ́dọ̀ Dókítà Ọláolú nìyẹn.

Ọmọbìnrin kékeré ni dókítà yìí, gíláàsì ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Òun ló lẹ wáyà mọ́ Túbọ̀sún lórí lọ́dún tó kọjá, tó sì sọ fún un pé wárápá ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń ṣubú lulẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó fún un ní oògùn kan nígbà náà. Oògùn náà ṣiṣẹ́: ìdákẹ́ tó ń wá lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ.

Dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó mirí.

"Dádì, ṣé ẹ ń lo oògùn yín dáadáa?"

"Mò ń lò ó ju bí mo ṣe ń jẹun lọ."

"Òótọ́ ni, Dókítà," Lydia wí. "Èmi ni mo ń dúró tì í tó fi ń gbé e mì. Mo tún máa ń ní kó la ẹnu kí n wò ó."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé báyìí. Mítà kan lẹ ní nílé, àbí?"

Túbọ̀sún mí ìmí ẹ̀dùn. "Ẹ má dárúkọ mítà fún mi, Dókítà."

"Ọpọlọ náà, iná ló fi ń ṣiṣẹ́. Tiyín, yàrá kan ṣoṣo ni iná ti ń ṣe ségesège. Ìyẹn ló ń gbé yín lọ tí ẹ kì í fi í gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ tí a bá fi yàrá yẹn sílẹ̀, ọjọ́ kan lè dé tó máa já fíùsì gbogbo ilé, ẹ ó wá ṣubú lulẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ ti gbìyànjú. A lè fi ìkejì tì í lẹ́yìn."

Ó dárúkọ oògùn náà: Lẹfẹtirásítámù. Orúkọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Túbọ̀sún fi rò pé ọkọ̀ ojú irin ló yẹ kí wọ́n máa fi kó o. Lydia pè é lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n rẹ̀ kọ́ ẹ̀gún. Láti ọjọ́ náà, Léfì ló ń pè é, bí ẹni pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni.

"Wàhálà wo ló ń bá a rìn?" Lydia béèrè.

"Oorun lè máa kùn wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Òyì lè máa kọ́ wọn díẹ̀. Àwọn mìíràn, inú wọn máa ń tètè bí, tàbí kí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ tètè wá bá mi. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín, nítorí ìyẹn gan-an lè fa èyí tó le. Díẹ̀díẹ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. N kò fipá mú yín o, Dádì. Ẹ lọ rò ó."

Túbọ̀sún fà sún mọ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Dókítà, tí mo bá lò ó, ṣé ìdákẹ́ yìí á lọ pátápátá?"

"N kò lè ṣèlérí. Àwọn kan wà tó lọ fún. Àwọn kan, ó dín kù gan-an."

"Ṣé ẹ lè wá bá mi ṣẹ́ ẹ kù díẹ̀?"

"Ṣẹ́ kí ni kù?"

"Ẹyọ kan péré. Kó máa wá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìgbà yẹn la máa ń ṣe ìpàdé."

Dókítà wò ó, ó wo Lydia, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lára rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé láti wò ó bóyá kò sí wàhálà.

"Dókítà," Lydia wí, kò rẹ́rìn-ín rárá, "ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ ní orí tuntun nínú ilé oògùn yín. Èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí ti kọjá àtúnṣe."

Wọ́n ra oògùn náà. Lydia gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, páálí náà jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní omi. Bí Túbọ̀sún bá ń wo bọ́ọ̀lù, páálí ń wò ó. Bó bá ń jẹun, ó ń wò ó. Ó fi ìwé ìròyìn bò ó, Lydia ká a kúrò.

Ohun tó ń dà á láàmú ju ipò alága lọ, àmọ́ kò sọ ọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, ọkùnrin kan wà ládùúgbò wọn tó ní wárápá. Àwo rẹ̀ dá wà. Ife rẹ̀ dá wà. Bó bá kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra. Túbọ̀sún náà wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fà mọ́ra. Ó mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn mì láàárọ̀ àti lálẹ́ nínú ilé tí ògiri rẹ̀ kò nípọn ju páálí bisikíìtì lọ, ẹnì kan á béèrè ohun tí oògùn náà wà fún. Ẹni tí wọ́n ń bọ́ fìlà fún lánàá lè di ẹni tí wọ́n ń fọ ife rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje lọ́la.

Nítorí náà, ó wá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní bí ìdákẹ́ bá máa lọ, kí òun kọ́kọ́ mọ bí òun ṣe lè máa fọwọ́ ara òun ṣe é. Lydia wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá a níwájú dígí, ó ranjú kalẹ̀, ó ń jẹ ẹnu, ó ń ṣa bọ́tìnnì.

Lydia sáré mú un léjìká. "Bàbá Ayọ̀miídé! Bàbá Ayọ̀miídé, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe rí?"

Lydia fi í sílẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ jọ ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n, tó ń wá ilé ìyàgbẹ́ kiri."

"Ṣé kò lè dẹ́rù ba Jẹ̀lílì?"

"Á ṣílẹ̀kùn fún yín ni. Ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá ń dín dòdò tí mo gbọ́ gbì, mo máa ń fi dòdò sílẹ̀ sáré wá wò yín. Bí ẹ bá wọ ilé ìwẹ̀, èmi ni mò ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ lè dá mi lóhùn. Mi ò mọ orin tuntun mọ́. Ẹ lo oògùn yìí."

"Tí inú bá wá ń bí mi ńkọ́? Dókítà ní ó lè mú kí inú máa bí mi."

"Ẹ bínú! Èmi náà ti ń bínú láti ọdún tó kọjá, mi ò sì lo oògùn kankan."

Ó ní òun á lò ó lẹ́yìn ìpàdé Sátidé. Ìpàdé kan péré ló kù.

Ìpàdé Sátidé yẹn, ilé kún. Orí bàkónì òkè ni wọ́n ti máa ń ṣe é, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ìbínú lọ díẹ̀. Irin etí bàkónì náà ti jẹrà níbì kan, ó já, wọ́n fi okùn ìsáṣọ so àyè rẹ̀ títí onílé á fi rántí wọn.

Ẹjọ́ náà wà láàrin Jẹ̀lílì àti Glory, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé nínú yàrá òkè, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn kan ní Yaba. Glory ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ni iná mítà bá tán, ojú rẹ̀ pòórá níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó jáde síta, òórùn ẹ̀wà ló pàdé rẹ̀.

"Alága, sà, mo fẹ́ kí ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Jẹ̀lílì ohun tí wọ́n fi se ẹ̀wà."

"Kẹrosíìnì ni!" Jẹ̀lílì bú. "Ọmọ yìí, ṣé imú rẹ ló ń ka mítà ni? Ẹ̀wà tí mi ò tíì jẹ délẹ̀, o ti ń gbóòórùn rẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, sítóòfù kẹrosíìnì yín ti wó látìgbà tí mo ti dé ilé yìí. Aláǹtakùn ló ń gbé inú ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti bímọ."

"O ò ní ìtìjú! Àwa tá a ti wà nílé yìí kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ẹ!"

Gbogbo ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹ̀wà kẹrosíìnì kì í rùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí Glory lọ máa gbé ibi tí iná kì í lọ, bóyá nínú oòrùn. Túbọ̀sún dìde kí ó pàrọwà fún wọn. Ó la ẹnu.

Òórùn rọ́bà tó ń jóná lu imú rẹ̀.

Ohun tó tún mọ̀ ni pé ẹnì kan di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ délé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí bàkónì. Ìkejì kò wà lórí nǹkan kan. Okùn ìsáṣọ ti já, ó so mọ́ ọn ní èékún. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, gọ́tà la ẹnu sílẹ̀ ó ń dúró dè é.

Lydia ló ń fà á. Ó fà á débi tí àwọn méjèèjì fi jókòó gbì sílẹ̀.

Túbọ̀sún yí ojú padà. Gbogbo ilé jókòó pẹ̀sẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti bọ́ fìlà. Ìyá Christabel, tó ń ta aṣọ ọmọdé, fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kó má bàa sọ̀rọ̀. Jẹ̀lílì wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Èmi ni mo fi iná se é, Alága," Jẹ̀lílì ń wí. "Ẹ dárí jì mí. Mo rí i tí ẹ dìde, mo rò pé ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ láti lọ gbé ìkòkò ẹ̀wà náà jáde."

"Láti etí bàkónì?" Lydia pariwo. "Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀ tó báyìí! Ẹ rí i tó ń rìn lọ sínú òfìfo, kò sí ẹni tó lè di aṣọ rẹ̀ mú?"

"Mà, àwa rò pé wọ́n ń ronú ni," Glory wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan Alága tí wọ́n bá ń ronú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Túbọ̀sún lára ju bí gọ́tà ì bá ṣe wọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀wọ̀ wọn ló kù díẹ̀ kó pa á. Gbogbo wọn ni yóò jókòó báyìí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, títí á fi balẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wá sọ ọ́ níbi tó jókòó sí.

"Kì í ṣe ọgbọ́n."

"Kí ni kì í ṣe ọgbọ́n, Alága?"

"Ìdákẹ́ náà. N kì í ronú. N kì í gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn. Àìsàn ni." Ó wo Lydia. "Wárápá ni."

Ìyá Christabel fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Túbọ̀sún rí i. Ó ti mọ̀ pé òun máa rí i.

"Ṣé... ṣé kì í ràn?" obìnrin náà béèrè.

"Kì í ràn, Mà," Glory dáhùn kí Túbọ̀sún tó lanu. "Ẹnì kan wà ní kíláàsì wa ní yunifásítì tó ní i. Àwo kan náà la jọ ń jẹ. Ohun tó kó ràn mí lára ẹ̀ kò ju kí n máa pẹ́ dé kíláàsì."

Ìyá Christabel wo ọmọ rẹ̀, ó wo Túbọ̀sún, ó rọra fi ọmọ sílẹ̀ díẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ tán.

Jẹ̀lílì ló wá dìde dúró lójijì. Ó nu ojú rẹ̀. Ó na ìka.

"Ẹ dúró ná. Ẹ dúró ná, Alága. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ họ́tù-pléètì, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀?"

"Mi ò sí níbẹ̀, Jẹ̀lílì."

"Háà! Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì! Mo tú àṣírí ara mi fún ẹni tó rìnrìn àjò! Mo fẹ́ gba ẹ̀bi mi padà. Ti họ́tù-pléètì àti ti ẹ̀wà. Mi ò ṣe é mọ́!"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ilé dàrú. Gbogbo ẹni tó ti jẹ́wọ́ rí ló fẹ́ gba ẹ̀bi rẹ̀ padà. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló fọ́ báfù, ó ní báfù kò fọ́ rí. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló jí adìyẹ, ó ní adìyẹ náà ló tẹ̀ lé òun. Ariwo náà lọ títí, ẹyẹ tó ń fò kọjá lórí Surulere gba ọ̀nà Mushin. Láàrin rẹ̀, ẹnì kan ní kí wọ́n yan alága mìíràn, alága tó ń dúró sílé.

"Ó dáa," Túbọ̀sún wí. "Ta ló fẹ́ ẹ?"

Ọ̀kan ń wo òrùlé. Ọ̀kan rántí pé òun gbé omi kaná.

Lydia ti wọlé, ó ti jáde. Páálí Léfì wà lọ́wọ́ kan, ife omi wà lọ́wọ́ kejì. Ó nà án sí ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Túbọ̀sún gbà á. Ó gbé hóró àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó fi omi tì í. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu fún Lydia kó wò ó. Lydia wò ó. Jẹ̀lílì náà sún mọ́ ọn, ó wò ó.

"Ó ti lọ," Jẹ̀lílì wí. "Tó bá wá tún dé sí yín, kí la máa ṣe? Ká fi ṣíbí sí yín lẹ́nu?"

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí mi lẹ́nu, àfi ẹran. Ẹ rọra mú mi kúrò níbi ewu, kí ẹ dúró tì mí títí n ó fi padà. Tí mo bá ṣubú, ẹ yí mi sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá pẹ́ jù, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì pàtẹ́wọ́."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun Léfì le. Túbọ̀sún sùn lórí àga tó ń ṣe fún oníbàárà kan ní Mushin. Oníbàárà dé, ó gbé àga, ó gbé Túbọ̀sún mọ́ ọn, àfi ìgbà tí wọ́n dé Ìṣọ̀lọ̀ ni àga bá hanrun. Lẹ́yìn oorun ni ìbínú dé. Ó bá fáànù jà. Ó bá ewúrẹ́ jà, ewúrẹ́ náà tọrọ gáfárà. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ó ní kó jáde wá bí ó bá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó pariwo mọ́ Lydia nítorí iyọ̀, tó sì jókòó lẹ́yìn náà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun, Lydia kò fi ṣeré, ọ̀dọ̀ Dókítà Ọláolú ló gbé e lọ. Dókítà ní kí wọ́n má sáré gbé oògùn náà sókè, kí wọ́n lọ pẹ̀lẹ́. Wọ́n lọ pẹ̀lẹ́. Ìbínú náà rọlẹ̀, ó ku èyí tó tó gbé ilé ayálégbé.

Ìdákẹ́ kò kàn sá lọ bí olè. Ó dé lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀nà àbáwọlé. Ìyá Christabel ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó dúró tì í títí ó fi padà, tó sì ń bú àwọn tó ń wò ó. Ó tún dé lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, oṣù kan kọjá, òórùn rọ́bà kò wá.

Sátidé kan, wọ́n gbé ẹjọ́ ẹ̀wà padà wá. Onílé kò tíì rán ẹnikẹ́ni wá tún bàkónì ṣe, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Túbọ̀sún gbéjú sókè.

"Jẹ̀lílì, ṣé ìwọ lo fi iná se ẹ̀wà?"

"Rárá o," Jẹ̀lílì dáhùn, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Gbogbo wa gbọ́ ọ nígbà tó jẹ́wọ́!" Glory figbe ta.

"Alága gbọ́ ọ? Ẹ bi Alága! Nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́, Alága ò sí nílé!"

Túbọ̀sún kò mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbìyànjú láti ranjú. Glory sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè yí i sí ẹ̀gbẹ́, Túbọ̀sún ní kó fi òun sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè lọ. Ó bi wọ́n. Ìkòkò wo ni? Níbo ni kẹrosíìnì náà wà? Ta ló tà á? Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n parọ́, wọ́n tú irọ́, wọ́n hun òmíràn. Oòrùn wọ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ní kí wọ́n gbé họ́tù-pléètì jáde kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa gbé yàrá òun láti òní lọ.

Jẹ̀lílì bẹ́ sókè.

"Ẹjọ́ wo lẹ dá yìí? Nígbà tí ẹ kì í sí níbẹ̀, ẹ gbọ́n ju báyìí lọ! Alága tí orí rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò! Alága tí kò lè dá ẹjọ́ láàrin adìyẹ àti ẹyin rẹ̀!"

Àwọn ènìyàn ní, "Háà, Jẹ̀lílì!" Lydia ti na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀.

Túbọ̀sún fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bú ara wọn nílé yìí tó jẹ́ pé ààbọ̀ rẹ̀ ló ń bá? Ó ti gbọ́ ti òní látìbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́.

"Ti orí yẹn," ó ní, ẹnu rẹ̀ ti ń ya sí ẹ̀rín, "tún un sọ, Jẹ̀lílì. Kí lo ní ó rí bí?"